Omi Tí Kò Dé Yàrá Ẹ̀yìn

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi tún páìpù ṣe ní Ẹlẹ́yẹlé.
Mo mọ ohùn omi nínú irin
bí abiyamọ ti í mọ ẹkún ọmọ rẹ̀ lóru.
Nígbà tí Dókítà Ọláòkun fa ìlà sórí bébà
ní wọ́ọ̀dù, lókè Orítamẹ́fà,
kò tíì sọ̀rọ̀ débì kan tí mo ti ń mi orí.

Ó ní, "Bàbá, oògùn wà. Oògùn náà dára.
Ọ̀nà ni kò sí."

Kókó tó wà lọ́mú Àwẹ̀ró
kọ́lé láìgba ìwé àṣẹ.
Ó já páìpù tirẹ̀ mọ́ páìpù ìjọba,
páìpù wọ́gọwọ̀gọ, tó ń jò ní gbogbo oríkèé,
kò sì gbẹ́ gọ́tà.
Omi wọlé, kò ríbi jáde.
Ó dúró, ó wú, ó ń ti ògiri,
ó ń ti àlejò padà sẹ́yìn.
Ilé fún ilé pa bí ẹ̀yìn Òkè Ààrẹ;
àwọn ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kéékèèké tẹ́ pẹlẹbẹ
bíi rọ́bà omi tí mọ́tò gùn lé.

Oògùn ń kán, tó, tó, tó,
ó pupa bí omi ìṣápá.
Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, ó ti pín ara rẹ̀ tán:
irun gbà, èékánná gbà,
ahọ́n gbà débi tí ọbẹ̀ ò fi dùn mọ́.
Yàrá ẹ̀yìn tí olè gan-an sùn sí
kò rí ju ẹ̀kán méjì lọ.

Mo ní, "Ẹ ò ṣe ṣí i gbayawu?"
Kí n tó gbẹ́nu kúrò lójú ti tì mí.
A ṣí ti Mọ́kọ́lá gbayawu lọ́jọ́ kan:
omi gbé àga àwọn ará ìsàlẹ̀ lọ,
ará òkè ò rí tí yóò fi bọ́jú.

"Oògùn mìíràn ni a ó kọ́kọ́ fún un," ni dókítà wí,
"tí yóò dí ibi tó ń jò,
kí omi inú ilé yẹn lè rọlẹ̀."
Áà! Ká tún páìpù ṣe fún ọ̀tá,
kí á lè rí ọ̀nà wọlé tọ̀ ọ́.

Lóru, mo fi etí lé rọ́bà apá rẹ̀.
Nọ́ọ̀sì wò mí títí, kò sọ nǹkan.
Àwẹ̀ró ò lajú:
"Gbétí ẹ kúrò níbẹ̀, jàre.
O ti fẹ̀yìn tì."