Ẹsẹ̀ Òsì Iwájú

Mo pààrọ̀ pádì, mo pààrọ̀ dísìkì,
mo fọ ọwọ́, mo pe ara mi ní ọ̀gá.
Lọ́jọ́ Ajé, lórí afárá Saskatoon,
ọkọ̀ ń wọ́ bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà relé.
Òórùn irun jíjó gba inú rẹ̀ kan.
Mo dúró, mo tutọ́ sí rímù òsì:
ó ta ṣìì.
Tọ̀tún tutù bí imú ajá.

Mo tún gbé jáàkì.
Fọlárànmí di tọ́ọ̀ṣì mú, ó ń gbọ̀n.
“Ṣé ẹ fi gíríìsì sí pín?”
Mo fi sí i. Pín ń wọlé, ó ń jáde
bí àna tí kò bá ẹnikẹ́ni jà.
Pádì jókòó síbi tó yẹ kó jókòó.
Mo wá tú nọ́ọ̀tì kékeré ẹ̀yìn kálípà.
Òróró tú yàà,
táyà sì yí wẹ́rẹ́ lábẹ́ ọwọ́ mi.

Háà. Hóòsì ni.
Ní Sátidé, n kò rí wáyà,
mo fi kálípà kọ́ ọrùn rẹ̀,
mo wọlé lọ jẹ ẹ̀bà.
Inú ló ti wó; ojú òde ń dán.
Òróró ń lọ, kò rọ́nà bọ̀,
bíréèkì mọ dídì mú,
kò mọ jíjù sílẹ̀ mọ́.

“Ẹ̀yin lẹ ṣe é, Dádì.”
Èmi ni.

Hóòsì tuntun, dọ́là mẹ́rìndínlógójì.
Yìnyín ti ń já bọ́ sínú àpótí sípánà.
Ọmọ fi ìka kan ti táyà:
ó yí, ó yí,
ó dúró nígbà tó wù ú.