Ẹsẹ̀ Gígùn, Ẹsẹ Kúkúrú

Ọmọ méje ló kù nílé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi wa.
Nígbà tí èmi wà lọ́mọdé, bọ́ọ̀sì mẹ́ta là ń kún lọ sétí òkun.
Lónìí, ọkọ̀ kékeré kan tá a yá lọ́wọ́ ilé ìwé,
èmi ni mo wà á.
Ìjókòó méjì ṣófo. A gbé agbọ̀n oúnjẹ lé ọ̀kan.
Èkejì, kò sẹ́ni tó gbé nǹkan kan lé e.

Abúlé wa wà láàárín òkè, ní ilẹ̀ Wales.
Àgùntàn pọ̀ ju èèyàn lọ níbẹ̀,
òjò sì pọ̀ ju àgùntàn.
Tegwen, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, jókòó tì mí,
àpamọ́wọ́ rẹ̀ lórí itan bí ọmọ tuntun,
ó ń ka àwọn ọmọ bí ẹni ń ka owó tí kò pé:
Heledd, Mali, ìbejì ilé Prydderch,
Non kékeré tòun ti garawa iyanrìn rẹ̀,
Guto tí èébì máa ń gbé tí ọkọ̀ bá ti ṣí,
àti Iolo ọmọ mi, lẹ́yìn pátápátá,
ẹ̀rọ orin létí méjèèjì,
orúnkún rẹ̀ ń ti ìjókòó iwájú.

Àṣà wa ni pé kí ọmọ tó fọwọ́ kan búrẹ́dì,
á dìde, á ka ẹsẹ Ìwé Mímọ́ kan láìwòwé.
Ẹyọ kan ṣoṣo ni Iolo mọ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́rin,
èyí tó fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré sọ ohun tí Ọlọ́run jẹ́.
Bàbá mi ló kọ́ ọ. Ó ní,
"Tébi bá ń pa ọ́, ìyẹn ló yá jù."
Lọ́dọọdún, ẹsẹ̀ ọmọ ń gùn sí i,
ẹsẹ ọmọ ò gùn.
Tegwen á mirí: "Ìwé yẹn nípọn bíi bíríkì, Iolo!"
Bàbá mi á máa fi irungbọ̀n bo ẹ̀rín.

A débẹ̀. Òkun ti kún, ó ti gbé gbogbo iyanrìn mì.
Òjò bẹ̀rẹ̀.
Ẹni eji rí leji ń pa,
eji ò mọ̀ pé a ti gbàdúrà oòrùn ní Ìsinmi mẹ́ta.
Non ń sunkún lórí garawa òfìfo. Guto ti bì.
Àwọn ìbejì bi wá bóyá Ọlọ́run ò gbọ́ ni,
àbí Ó gbọ́, Ó kọ̀.
Tegwen ní, "Ẹ jẹ́ ká jẹun ná."

Fèrèsé ń làágùn. Gbogbo ọkọ̀ ń rùn bí aṣọ tútù
àti kéèkì àjàrà gbígbẹ tí wọ́n rẹ sínú tíì.
Heledd ka ti olùṣọ́ àgùntàn,
ó dé ibi ife, ó gbàgbé, ó fo ife, ó bọ́ sílé tààrà.
Ó kan Iolo.
Ó yọ ẹ̀rọ létí. Ó dìde, orí rẹ̀ gbá òrùlé.
Kò wo Tegwen,
ìjókòó òfìfo yẹn ló ń wò.
Oṣù Èrèlé la sin bàbá mi, yìnyín ṣì wà lórí ilẹ̀.

Mo mọ̀ pé ó ti kọ́ gígùn kan. Mo ti gbọ́ ọ lóru,
lábẹ́ ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, tó ń ṣì í, tó ń tún un ṣe.
Ó lanu. Gígùn ò wá.
Mẹ́ta yẹn náà ló wá,
ohùn rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ti ọkùnrin
sì já lórí ìkejì.

"Ó tún ka ti kúkúrú!" Non pariwo.
Tegwen ò mirí. Ó ń tú inú àpamọ́wọ́ rẹ̀
wá ohun tí kò sí níbẹ̀.

Iolo ò jẹun. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún,
ó gbé Non kọ́rùn, ó ṣílẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú òjò:
ẹsẹ̀ gígùn méjì nínú omi dídì,
ọmọdé kan lókè tó dé garawa bíi fìlà.
"Òtútù á mú un," Tegwen wí,
ó sì ń fi ọwọ́ ìbọ̀wọ̀ nu gíláàsì
kó lè rí i dáadáa.