Kí Ẹ̀wà Tó Jiná

Aago mẹ́rin ààbọ̀. Kúbwà ò tíì lajú.
Mo gbé ẹ̀wà kaná,
ẹ̀wà olóyin tí mo rà lọ́jà Dẹ̀ìdẹ̀ì
lọ́wọ́ Làdí, tó búra pé kò ní kòkòrò.
Mo ṣa méje.

Mo tẹ́ ẹní sáàárín sítóòfù àti ilẹ̀kùn.
Ẹ̀wà ò mọ ọ̀gá, kò mọ mínísítà,
kò mọ̀ pé bọ́ọ̀sì Sẹkitéríàtì kì í dúró de ẹni.
Ìgbà tó bá wù ú ni yóò jiná.
Èmi náà nà gbalaja tì í.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi jókòó
sórí àga kan ṣoṣo ní àjà kẹta.
Àga náà mọ ìdí mi ju ìyá tó wẹ̀ mí lọ.
Fáìlì ń wọlé, fáìlì ń jáde,
ojú mi lẹ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà bí ọmọńlé mọ́ ògiri.
Ọ̀sán, mo jẹ búrẹ́dì lórí ìwé ìnáwó,
èérún rẹ̀ ń bọ́ sórí mílíọ̀nù tí kì í ṣe tèmi.
Alẹ́, ìndómì. Alẹ́ ọjọ́ kejì, ìndómì.
Tíṣà Tiwalọlá bi wọ́n ní kíláàsì,
kí ni ìyá oníkálukú mọ̀ ọ́n sè jù?
Ọmọ mi nawọ́ sókè: "Omi gbígbóná."

Ọjọ́ kan ni bírò bọ́ lọ́wọ́ mi,
mo bẹ̀rẹ̀ kí n he é, ẹ̀yìn mi kọ̀.
Ẹ̀yìn tí mo fi pọn àbúrò mẹ́ta kí n tó pọn ọmọ,
ó ní òun ò lọ, òun ò bọ̀.
Mo tẹ̀ bí dòjé níwájú tábìlì Ọ̀gá Táńkò.
Ọ̀gá rò pé mo ń kí òun bí a ṣe ń kíni nílé wa.
Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó tó, kí n dìde.
Ọlọ́run mi,
ìbá ṣe pé mo lè dìde ni!

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo dúró de ọkọ̀,
mo ń wo Màlámù Sáídù tó ń ṣọ́ géètì.
Ó fi ogún ọdún jù mí lọ.
Ó tẹ̀, ó foríbalẹ̀, ó jókòó lé ẹsẹ̀,
ó dìde láìdi ohunkóhun mú.
Ọlọ́run rẹ̀ ló ń kí, kì í ṣe eré ìdárayá,
mo mọ̀.
Ṣùgbọ́n mo tẹ́tí sí orúnkún rẹ̀: kò dún.

Ni mo bá rántí ìyá mi ní Ìkirè.
Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo ń pè é lórí fóònù:
"Mo kúnlẹ̀, mà."
Orí àga ni mo ti ń kúnlẹ̀.

Ẹ má rò pé mo ti di akọni o.
Àsìkò bọ́jẹ́ẹ̀tì dé lóṣù tó kọjá,
ìkòkò jóná lẹ́ẹ̀mejì,
ẹní ká jọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, alántakùn fi ṣe ilé,
oníṣúyà ìta ló bọ́ wa.
Nígbà tí mo padà, ẹ̀wà ò bi mí níbi tí mo lọ.

Lówùúrọ̀ yìí, mo na apá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kọ́bọ́ọ̀dù.
Mo tẹ̀ sọ́tùn-ún, egungun kan dá sí ọ̀rọ̀.
Mo yí ọrùn sósì, mo rí àlùbọ́sà.
Mo yí i sọ́tùn-ún, mo rí abọ́ sógálè
tí èmi àti Tiwalọlá jọ já lálẹ́ àná,
òun pẹ̀lú igi, èmi pẹ̀lú ẹjọ́.

Mo tẹ fóònù. Ìyá mi máa ń jí ṣáájú àkùkọ.
"Mo kúnlẹ̀, mà."
Ó dákẹ́ díẹ̀.
"Kí ló dún yẹn?"
"Orúnkún mi ni, mà."
"Háà," ló wí, "o wá kúnlẹ̀ lóòótọ́ lónìí."

Òórùn ẹ̀wà ti gba gbogbo ilé.
Mo ní kó dúró dè mí lórí ìlà,
kí n lọ fi iyọ̀ sí i.