Ohun Tí Aṣọ Kò Bò

Bẹtẹsídà ni wọ́n ń pe ìlú náà, ní àríwá Wéèlìsì,
orúkọ adágún tí áńgẹ́lì máa ń rú omi rẹ̀.
N kò rí adágún. Òjò ni mo rí,
àti òkè aláwọ̀ eérú tí wọ́n ti gé wẹ́lẹwẹ̀lẹ bí àkàrà òyìnbó.

Ọmọ mi fẹ́ ṣe ìgbéyàwó nínú ṣápẹ́ẹ̀lì.
Ọmọ mi kò gba Ọlọ́run gbọ́.
Ẹ má bi mí bí méjèèjì ṣe gba inú àwo kan.
“Bàámi, àjà rẹ̀ ga,” ló wí,
“ibẹ̀ sì ni wọ́n ti sọ ìyá Ithel lórúkọ.”

Ọ̀dọ̀ Alàgbà Gwilym ni wọ́n kọ́kọ́ lọ,
níbi tí àwọn ìyá arúgbó méje ṣì ń kọrin lọ́jọ́ Ìsinmi.
Ó bu tíì fún wọn. Ó ní, “Ṣé ẹ gbàgbọ́?”
Irọ́ kékeré kan ì bá ṣílẹ̀kùn.
Èmi náà pa á níjọ́ tèmi, nítorí ìyá rẹ̀,
kí n tó wá di díákónì.
Wọ́n ní, “Rárá, sà.”
Ó ní, “Ẹ ṣeun tí ẹ kò purọ́,”
ó sì ti ilẹ̀kùn. Jẹ́jẹ́ ló tì í.

Èyí tí wọ́n ti tà ló gbà wá, ní ìsàlẹ̀ òpópónà,
tí wọ́n ti ń ta kọfí níbi tí àga ìwàásù wà.
Òfin fọwọ́ sí ibẹ̀, ṣùgbọ́n òfin lẹ́nu tirẹ̀.
Ìyáàfin Haf Bowen, akọ̀wé ìgbéyàwó, ka ìwé mi tán, ó dá a padà:
“Kò sí orin ìyìn. Kò sí àdúrà.
Ẹ má dárúkọ Ọlọ́run títí n ó fi pa ìwé mi dé.”
Ó nawọ́ sí ògiri,
níbi tí àwọn tó ń fọ́ òkúta kọ ọ́ sí láyé àtijọ́, ní èdè wọn,
pé ìfẹ́ ni Ọlọ́run.

Èmi, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin,
èmi ni mo gun àkàbà,
mo fi aṣọ ibùsùn funfun bo Ọlọ́run lójú,
mo fi abẹ́rẹ́ há a.
Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Bóyá òtútù ni.

Gbogbo wa dákẹ́. Òjò nìkan ló ń kọrin lórí òrùlé,
kò sẹ́ni tó bá a wí.

Dámisí là ń pè é.
Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ló gé orí orúkọ náà,
ó ní ó gùn jù. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gígùn.
Ṣùgbọ́n ìwé ìrìnnà kò gé nǹkan kan,
Haf Bowen sì mú un lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, bí ẹni ń rìn lórí yìnyín:
“O-lú-wa-dá-mi-sí.”

Mo wo aṣọ ara ògiri. Kò mira.
Mo wo òfin. Òfin ń ṣí ojú ìwé.
Àbúrò mi tó wá láti Lífápúùlù wúkọ́ sínú áńkáṣíìfù.
Mo rántí àpótí gíláàsì ní ọsibítù,
ọmọ tí kò tó kílò kan,
ọjọ́ mẹ́sàn-án tí a kò lè fọwọ́ kàn án.

Ó bojú wẹ̀yìn, ó wò mí.
N kò lè sọ pé ẹ̀rín ni.
“Èmi nìyí,” ló wí.

Lálẹ́, mo bá abẹ́rẹ́ kan nínú àpò kóòtù mi.
N kò tíì dá a padà.