Kéèkì Tí Kò Wú

Òjò ò dá láti àná ní Padiham.
Hilda Entwistle gbọn ìyẹ̀fun tó kù sínú abọ́,
ó fi ọ̀rá pò ó, ó da ẹ̀kúnwọ́ àjàrà gbígbẹ sí i,
ó fi ìgò tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ.
"Sáàdì kéèkì," ó wí. "Orúkọ rẹ̀ nìyẹn."
Keeley, ọmọ ọmọ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín:
"Kí ni wọ́n fi ṣe é tó fi ń banú jẹ́?"
"Inú rẹ̀ ò bà jẹ́. Kò wú ni."

Ibi tí ìmọ̀ ìyá àgbà mọ nìyẹn.
Ọ̀rọ̀ náà jù ú lọ lọ́jọ́ orí,
ó ju ilé ìhunṣọ lọ, ó ju afárá odò Calder lọ.
Nígbà tó wà ní kékeré, yíyó ló ń jẹ́:
ẹni tó jẹ tán, tó tú bẹ́líìtì, tó fẹ̀yìn ti ògiri,
tí wọ́n ní kó bu díẹ̀ sí i, tó mi orí,
òun ni wọ́n ń pè ní sáàdì,
ẹ̀rín sì ń bẹ lẹ́nu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó yó kì í yára dìde.
Yíyó bá di wíwúwo;
wíwúwo di ohun tó le, tó ki, bí ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ gbó;
ó di àgbà ọkùnrin tí kì í bọ́mọdé ṣàwàdà.
Lálẹ́ ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni ò kọ sílẹ̀,
ẹrù náà gbéra nínú ikùn,
ó gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ọ̀rinrin ṣe ń gun ògiri ilé àtijọ́,
ó jókòó sí àyà.
Àyà náà ló wà dòní.

Ní oṣù Kejì tí wọ́n sin Clifford,
àwọn aládùúgbò gbé àwo wá títí tábìlì fi kún:
páì, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tútù,
ọbẹ̀ nínú ìkòkò tí a kọ orúkọ sí lábẹ́.
"Hilda, fi nǹkan kan ẹnu."
Ó gbé ọwọ́ lé ikùn. "Mo yó," ló wí.
Omi lásán ló ti mu láti àárọ̀.
Wọ́n rò pé irọ́ ni.
Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló sọ, láìmọ̀,
ó mú un ní orí àti ìdí lẹ́ẹ̀kan náà.

Kéèkì jáde nínú ààrò, ó rí pẹrẹsẹ, ó pọ́n létí.
Clifford a máa fi bébà wé tirẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.
Ìyá àgbà mú ọ̀bẹ, ó gé e sí mẹ́ta.
Keeley kà á. Kò sọ nǹkan kan.
Ó jẹ tirẹ̀, ó jẹ èkejì,
ó tú bọ́tìnnì ṣòkòtò rẹ̀.