Ibi Tí Imú Ọmọdé Ga Dé

Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló wà lórí òrùlé ilé ìjọba,
tó ń fi imú irin gbóòórùn Skopje láti òkè,
tó ń sọ fún wa láràárọ̀ pé: ó sàn díẹ̀ lónìí.
Ta ló ń gbé orí òrùlé?
Ẹyẹlé.

Èmi Kalina, iṣẹ́ mi ni kí n máa ka èéfín
bí ẹni ń ka owó tí kò ní tó ná.
Mo gbé òpópónà wa sínú kọ̀ǹpútà:
ilé alájà mẹ́fà lọ́tùn-ún, alájà mẹ́fà lósì,
títì tóóró láàárín wọn bí ìsàlẹ̀ àpótí tí a gbàgbé láti ṣí.
Mo kọ iye bọ́ọ̀sì, mo kọ iye mọ́tò tó ń mu dísù,
mo kọ sítóòfù tí wọ́n ń ki igi tútù bọ̀ lóru.
Mo bi atẹ́gùn pé níbo lo ti ń bọ̀.
Kò dáhùn. Òkè Vodno dí i lọ́nà,
òtútù sùn sílẹ̀ ìlú,
afẹ́fẹ́ tó lọ́wọ́ọ́wọ́ sì dé e lórí bí ọmọrí ìkòkò.

Ìṣirò nìyẹn. Ìṣirò ò ní àyà tó ń dunni.
Mo bá so ẹ̀rọ kékeré mọ́ báàgì Damjan, ọmọ àbúrò mi,
ọmọ ọdún méje tí àyà rẹ̀ ń fọn bí fèrè lóru.
Mo ní, "Máa rìn bí o ṣe ń rìn."
Ó rìn. Ó dúró kí ajá kan tó ní etí kan.
Ó dúró lẹ́yìn bọ́ọ̀sì,
imú rẹ̀ àti ẹnu sàlẹ́ńsà dọ́gba.
Nọ́ńbà ta sókè bí gúgúrú nínú agbada.
Lórí òrùlé, ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an:
ó sàn díẹ̀ lónìí.

Mo ya àwòrán gbogbo rẹ̀,
pupa níbi tó burú, àwọ̀ ewé níbi tí èèyàn lè mí.
Ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì, tí kò ju igba ìṣísẹ̀ lọ sí ti wa,
èéfín ibẹ̀ kò tó ìdajì.
"Ibẹ̀ ni kí o máa gbà," mo wí fún Damjan.
Ó ní, "Ajá ò sí níbẹ̀."

Mo mú àwòrán tọ Krste lọ,
tó ń ta ìwé ìròyìn, sìgá àti tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì
nínú ìsọ̀ onírin tí kò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ.
Ó fi gíláàsì sójú, ó wá ara rẹ̀ títí.
Mo fi ìka tọ́ka síbi tó pọ́n jù.
Ó húkọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó tún húkọ́.
"Ọmọ mi, o ní kí ẹlẹ́sẹ̀ yà.
Ìsọ̀ ò lẹ́sẹ̀.
Ṣé kí n rù ú ni?"

Mo ní kó pa fèrèsé iwájú dé, aago méje sí mẹ́sàn-án.
Ó ní aago méje sí mẹ́sàn-án ni òun ń tajà.
Mímọ̀ ni mo mọ̀,
n ò kó afẹ́fẹ́ mìíràn sápò.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ayùn irin wá,
ó gé fèrèsé tuntun sí ẹ̀yìn ìsọ̀.
Àwọn oníbàárà ń kùn, wọ́n ń yí po.
Mo wọn ibẹ̀: ó dín, kò dín púpọ̀.
"Ó sàn díẹ̀ lónìí," ni Krste wí, ó ṣẹ́jú sí mi.

Damjan ò gba ẹ̀yìn ilé búrẹ́dì.
Ó ṣì ń dúró ti ajá ẹ̀,
ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀sì bá ti dé, á sé èémí,
á máa fi ìka kà títí yóò fi lọ.
Mo dúró lódì kejì títì. Mẹ́sàn-án. Mẹ́wàá.
Èmi náà ń kà.