Ìwọ̀n Rópò Fálọ́dún

Wọ́n ti wọ̀n ọ́n tán lọ́hùn-ún.
Wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sórí rúlà bí aṣọ tí télọ̀ fẹ́ gé,
wọ́n ní ó sá ogójì yáàdì
láàárín ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́rin àti ààbọ̀.
Ààbọ̀ yẹn ló ń dà wọ́n láàmú.
Wọ́n ní ó ti pọ̀ jù.

Èmi tí mo kọ́kọ́ fi aago ká eré rẹ̀
ní pápá ilé-ìwé wa l'Ẹ́fọ̀n,
pápá tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ débi pé
bọ́ọ̀lù tó bá bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́
àgbàlá onílé nísàlẹ̀ la ti ń tọrọ rẹ̀,
ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Bọ́ọ̀lù tiwọn kì í ṣe èyí tí a mọ̀.
Ó ṣe ṣóńṣó lórí, ó ṣe ṣóńṣó nídìí,
bí odidi kòkó tó pọ́n.
Ẹni tó bá gbé e a há a mọ́ ìhà,
a máa wá ihò lára ògiri ènìyàn
kí ògiri tó wó lù ú.
Iṣẹ́ Rópò nìyẹn.
Ó ti ń ṣe é kó tó mọ̀ pé iṣẹ́ ni:
oko bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn òkè kejì,
yóò há kòkó méjì sí abíyá,
òjò á máa lé e bọ̀ lórí òkúta yíyọ̀.
Nígbà tí mo kà á pé "kì í sọ bọ́ọ̀lù nù,"
ẹ̀rín ni mo rín.
Ta ni yóò sọ kòkó Fálọ́dún nù, tí yóò tún wọlé?

Eré rẹ̀ ò yá tó ti àwọn kan. Mo gbà.
Ọmọ Adó kan wà nígbà náà
tó máa ń fi í sílẹ̀ lórí ilẹ̀ títẹ́jú.
Ṣùgbọ́n Rópò mọ bí a ṣe ń dúró díẹ̀,
bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé,
títí ọ̀nà yóò fi là,
kó tó wọ ibẹ̀ wìì.
Kò sí aago tó ń ká ìdúró yẹn.

Bí ẹ bá ní kí n sòótọ́: kò mọ ẹlòmíràn-án dáàbò bò.
Bí wọ́n bá ní kó ṣọ́ ọ̀gá tó ń ju bọ́ọ̀lù,
yóò dúró, ọkàn rẹ̀ á ti lọ.
Mo bá a wí lórí fóònù. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."
Láti kíláàsì kìíní ni mo ti mọ "bẹ́ẹ̀ ni, sà" yẹn.

Orúnkún òsì já lọ́dún kejì. Wọ́n rán an.
Yíǹkì pupa ni wọ́n fi kọ ìyẹn.

Àwa ará Èkìtì mọ iyán.
A mọ iyàn, pàápàá bí ìbò bá ku ọ̀la.
Àwọn ìyá wa àgbà mọ ìyàn.
Yíyàn yìí ni ò yé wa,
kí àwọn kan jókòó, kí wọ́n máa pe ọmọ ọlọ́mọ,
kí ẹni tí wọn ò tíì pè máa wo ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.
Tòmátì sì ni ọjà ọ̀hún:
ọdún mẹ́ta, mẹ́rin, ó ti rọ̀.

Ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ìpele kẹrin kọjá. Ìkarùn-ún kọjá.
Ìpele kẹfà ni mo ti ń sọ láti oṣù Ẹrẹ́nà,
n ò yí i padà.
Ìyá rẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì,
mú ojú kúrò lára fóònù:
"Olùkọ́, nínú gbogbo ohun tí wọ́n kọ yìí,
ṣé ẹnì kan bi í bóyá ó ń dùn ún?"

Mo tún ìwé náà yẹ̀ wò.
Ojú ewé mẹ́rin, níwájú, lẹ́yìn.
Mo wá bíírò kí n kọ ọ́ sí etí rẹ̀.
Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìpele kẹfà.